Àkísà Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọdé la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, a kì í rántí pé ó kan àgbà náà. Àgbà tó bá ti kó àkísà tirẹ̀ dànù, kí ló kù tó fi ju ọmọdé lọ? Orí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni òwe náà ti yé mi, lọ́jọ́ tí àwa mélòó kan tí a ní ọkọ̀ àtijọ́ kó wọn jáde fún aráyé wò.

Ìjàpá ni tèmi. Volkswagen ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé wa ní Ọ̀yọ́? Owó Údójì ni bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, fi rà á lọ́dún 1975. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé bí ìjọba ṣe fi kún owó oṣù, tí wọ́n sì san èyí tó ti ń gorí ara wọn bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn fi ra rédíò, ẹlòmíràn fi fẹ́ ìyàwó kejì. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Òjó l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jáde. Àwọ̀ tiwa dà bí ògì bàbà. Kí ó tó di tèmi, orí rẹ̀ ti bó níbi tí kárià tí a fi ń kó iṣu oko gbé ń ha á. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ti tẹ̀ wọnú, nítorí àgbò Iléyá kan rí ara rẹ̀ níbi tó ń dán, ó rò pé àgbò mìíràn ló ń wo òun níwòkuwò, ó bá kàn án. A jẹ àgbò náà lọ́jọ́ kejì. Àpá rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Èmi ni mo pa á rẹ́. Nígbà tí ìpàtẹ Ògbómọ̀ṣọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé ọkọ̀ lọ fún àwọn tó ń kun ọkọ̀. Wọ́n lu ibi tó tẹ̀ jáde, wọ́n dí i, wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa fòò lé e lórí. Inú mi dùn débi pé mo ń nu eruku tí kò sí níbẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Òótọ́ ni, àmọ́ fún ọkọ̀ àgbà, àfi kí á yí i padà: èyí tí kò lè sáré ni kó ṣíwájú. Bí ẹni tó yára bá ṣíwájú, yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́, yóò ti máa jẹun, ẹni ẹ̀yìn á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣíṣí, tí àwọn tírélà tó ń lọ Ìlọrin á máa fọn fèrè lé e lórí. Ìdájí la gbéra ní Ọ̀yọ́, kí oòrùn oṣù kẹrin tó mú. Àwọn tó ní Peugeot gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì méjì sí búùtù. Ìjàpá kì í mu omi ní tirẹ̀, atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń tu ara. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé.

A ò tíì pa ọkọ̀ tán tí ìjà ibi ìdúró fi bẹ̀rẹ̀. Olóyè kan tó ní mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ fẹ́ kí tòun wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó jẹ́ òun ni gbogbo ẹni tó bá ń wọlé máa kọ́kọ́ rí. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ orí ọkọ̀ ni ká fi tò wọ́n. Àwa kọ́ ló wá ṣe ìpàdé, ọkọ̀ ni. Oyè ẹni tó wà á wá kò kan ibi tó máa dúró sí. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń jẹ́ FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, ní ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 30 ti di àgbà. (Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àwọn onítakisí gbọ́. Ọdún 1992 ni irú Micra tó ń kérò kiri ìpínlẹ̀ wa yìí kọ́kọ́ jáde, a jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ti tó joyè.) Ìrìn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ rìn láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Brighton lóṣù kọkànlá tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ rìn ín, ọkọ̀ tí wọ́n bá sì ṣe lẹ́yìn 1904, kó jókòó sílé.

Nígbà tí olóyè kò rí ẹnu ọ̀nà gbà, ó bínú lọ gba ìbòòji, abẹ́ igi máńgòrò tó tóbi jù. Òun náà ò kúkú mọ̀. Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù kẹrin kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó já. Èkíní bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbì! A rẹ́rìn-ín sínú.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba àríyànjiyàn. Ọkọ̀ àgbà a máa jò, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jò sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Páálí ni ká tẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kí á yọ orí bátìrì. Kí á fi òkúta há táyà, nítorí búrékì ọwọ́ ọkọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìlérí lásán ni. Ní ti ọmọdé tó fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, n kò sí lára àwọn tó ń fi okùn yí ọkọ̀ ká. Ẹ yan ọkọ̀ kan tó lágbára, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gùn ún, kí wọ́n yí sìtíárìn rẹ̀ títí yóò fi sú wọn. Ara á rọ àwọn tó kù.

Ìdí Peugeot 403 kan tó ti ṣá ni èrò pọ̀ sí jù. Ọwọ́ ọ̀tún ni sìtíárìn rẹ̀ wà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń bi ara wọn bóyá wọ́n ṣe é ṣì ni. Bàbá tó ni ín ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àpá ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tamale ni wọ́n ti ń ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà náà, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa, ọmọ mi. Ibí yìí ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn ti ha á. Ihò yìí, ibi tí a so okùn sí ni. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, a la Tógò àti Dahomey kọjá."

Nígbà tí wọ́n délé, ọwọ́ òsì títì la ṣì ń gbà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la yí sí ọ̀tún. Gánà yí tiwọn ní 1974. Gbogbo ayé yí, sìtíárìn bàbá kò yí. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀tún tó sì ń gba ọ̀tún, kò lè rí iwájú tírélà. Ìyàwó wọn tó ń jókòó sí òsì ló ń bá wọn yọrí wò ó, á ní "Ó yá" tàbí "Ẹ ní sùúrù."

Mo bi wọ́n pé ta ló ń bá wọn wò ó báyìí.

"Láti ọjọ́ tí ó ti lọ, n kì í kọjá ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo tẹjú mọ́ ọkọ̀ náà dáadáa. Àkísà ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Gíláàsì mọ́, kò sí eruku kankan nínú ibi tó tẹ̀. Ìjókòó iwájú ya lọ́jọ́ kan, oníṣẹ́ awọ kan ní Ọ̀yọ́, tí àwọn baba rẹ̀ máa ń rán gàárì ẹṣin, ló fi awọ ewúrẹ́ lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń rán gàárì náà ló ṣe rán an, okùn nínípọn, ojú abẹ́rẹ́ gbàǹgbà, kò fi àlẹ̀mọ́ náà pamọ́ rárá. Wọ́n gbé páálí kékeré kan sára gíláàsì, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́: ọdún tí wọ́n rà á, ìlú tó dé, àti orúkọ mẹkáníìkì méjì, bàbá àti ọmọ. Mẹkáníìkì ọmọ náà wà níbẹ̀, ó dúró sẹ́yìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ṣé ẹnì kan nínú àwa yòókù mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá? Kò sí.

Èmi dúró ti ohun pupa mi. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kọjá. Ọmọ kan tó tó ọdún mẹ́sàn-án ló dúró. Ó bi mí pé níbo ni ẹ́ńjìnnì wà, mo fi hàn án lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín pé Ìjàpá lóòótọ́. Ó wá fi ìka kan ọ̀dà náà.

"Dádì, ṣé tòkunbọ̀ ni?"

Ní Pebble Beach ní Kalifóníà, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọkọ̀ àgbà láti ọdún 1950, wọ́n ní ipò ọ̀tọ̀ fún èyí tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo délé ni mo tó kà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, bàbá oní-403 rọra rìn wá. Mo ròyìn iṣu, kárià àti àgbò fún wọn. Wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n fọwọ́ pa ilẹ̀kùn ọ̀tún.

"Àgbò náà dà?"

N kò rí ohun sọ. Wọ́n ní kí n ṣí iwájú. Mo ṣí i. Wọ́n ní kí n gbé sípéà táyà kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ àwọn akunkọ̀ kò dé, àyè kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tó rí bí ògì bàbà, erùpẹ̀ oko ṣì gbẹ mọ́ ọn létí.

Bí mo bá ń gbé e lọ síbi ìpàtẹ nísinsìnyí, ṣíṣí ni mo ń fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀, sípéà á wà nílẹ̀ lórí páálí. Ọmọdé tó bá dé á béèrè ìdí tí ọkọ̀ kan fi ní àwọ̀ méjì. Orí àgbò ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.