Kí Ni A Lọ Wò ní Àgbádárìgì?

Ìbéèrè kan ni a gbé wá síwájú yín nínú ìwé ìròyìn wa ti ìgbà yìí. Bí a bá mú àwọn ọmọ wa lọ ṣe afẹ́ ní ibi tí àwọn ènìyàn ti sunkún kíkorò rí, tí a san owó ìwọlé, tí a ya fọ́tò, tí a jẹ ìrẹsì tí a gbé láti ilé, tí a sì padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ǹjẹ́ ohun tí ó tọ́ ni a ṣe? Kì í ṣe inú ìwé ni a ti rí ìbéèrè yìí. Ojú ọ̀nà ni ó ti bá wa.

Ní ìsinmi Kérésìmesì tí ó kọjá, ọmọ wa ọkùnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá sílé. Wọ́n wá sí Òmù, wọ́n jẹ iyán, wọ́n rí oko, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin, ilé ti sú wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìlú tí ó ní ìtàn, àwọn sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Baba wọn ní kí a lọ sí Àgbádárìgì. Láti Òmù, a gba Ìfàkì àti Adó, a kọjá Iléṣà àti Ìbàdàn, a sì sùn ní ilé ọmọ wa obìnrin ní Èkó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́sàn-án ni a wọ bọ́ọ̀sì, láìka awakọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Inú wa dùn nígbà tí a dé ibẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì mọ Àgbádárìgì, nítorí pé ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní 24 September 1842. Ènìyàn dúdú ni baba rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn tí ó ń retí rẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì di onígbàgbọ́ ní Sàró kí wọ́n tó padà wálé. A dé ibi tí igi Àgíà wà rí, níbi tí a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí rẹ̀ wà níbẹ̀. A tún rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará wa ti ìjọ CMS kọ́ parí ní 1845. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àìmọye ìgbà ni a ti kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sí ojú pátákó. Nígbà tí a wá fi ojú ara wa rí i, omijé ayọ̀ bọ́ lójú wa.

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sí ilé ìdílé Mobee, níbi tí wọ́n kó àwọn irin òwò ẹrú pamọ́ sí. A rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. A rí kékeré tí wọ́n ní ti ọmọdé ni. Àwọn ọmọ-ọmọ wa na ọwọ́ sínú rẹ̀, wọ́n yọ eyín, wọ́n ní kí a ya àwọn ní fọ́tò. Inú bí ọmọ wa obìnrin. Ó ní, ‘Ṣé ẹ ò mọ̀ pé bí ojú oórì ni ibí yìí rí ni?’ Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dáhùn pé, ‘Ọmọdé ni wọ́n. Bí wọn kò bá wá, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀?’ Àwọn méjèèjì wá kọjú sí wa pé kí ìyá tíṣà dá ẹjọ́ náà.

A dá a bí olùkọ́ ti ń dá a. A ní ó dára kí a wá, nítorí pé ibi tí ènìyàn kò bá dé mọ́, igbó ni yóò bò ó, ìtàn rẹ̀ yóò sì bá igbó lọ. A ní ẹ̀rín ọmọdé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn wo ohun tí ó lágbára tó báyìí, kí ó má sì rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́. Gbogbo wọ́n gbà pé a sọ òótọ́, inú wa sì dùn sí ìdáhùn ara wa.

Ilé tí a tún wọ̀ ni ti Sẹ̀rìkí Williams Abass, níbi tí àwọn yàrá tí wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́ wà. Ẹni tí ń mú wa kiri sọ pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú yàrá kan tí a kò jẹ́ fi ewúrẹ́ mẹ́wàá sí. Ṣùgbọ́n ìtàn onílé náà ni ó mú wa lọ́kàn jù. Ìjọ̀gá-Orílé, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ti òde òní, ni wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ sì ni Ifárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o ní kékeré, wọ́n sì tà á. Abass ni orúkọ ọ̀gá kan tí ó rà á. Williams ni orúkọ òmíràn, tí ó mú un dé ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó mọ̀wé níbẹ̀, ó sì padà wá sí Àgbádárìgì. Kí ni ó wá padà ṣe? Ó wá ta ẹrú. Ó di olóyè ńlá, ó kú ní 1919, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà náà títí di òní. Ẹni tí wọ́n ti dè rí ni ó wá ń de ẹlòmíràn. A mi orí, a ní, ‘Ènìyàn mà le o!’ A sì bọ́ síta.

Lẹ́yìn èyí, ó ku kí a sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ́rẹ̀fù, níbi tí àwọn ẹrú ti ń rìn lórí iyanrìn lọ sí etí òkun, kí ọkọ̀ ńlá tó gbé wọn lọ láìpadà. Ní èbúté, ọlọ́kọ̀ ka iye wa, ó ní ẹni mẹ́sàn-án. Ọmọ wa obìnrin ní rárá, ẹni mẹ́jọ ni. A kò sọ nǹkan kan, nítorí pé a mọ ẹni tí kò kà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ó ti ń gbé kúlà oúnjẹ wa láti àárọ̀. Ní ilé Mobee, ó dúró ti bọ́ọ̀sì. Ní ilé Abass, ó dúró ti bọ́ọ̀sì. Ní èbúté yìí náà, ó jókòó ti ẹrù, àwa sì wọ ọkọ̀ lọ.

Ní Gbẹ́rẹ̀fù, wọ́n fi kànga kan hàn wá. Wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. A rin iyanrìn títí a fi dé etí òkun, a dúró, a gbàdúrà. Bí a ti ṣe àmín tán, ọmọ-ọmọ wa kékeré fa ìró wa. Ó ní, ‘Màmá àgbà, kí ló dé tí a ò jẹ́ kí àǹtí yẹn wá wo òkun?’ A ní, ‘Ó ń ṣọ́ ẹrù wa.’ Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí àwa fúnra wa tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí a padà, kò sí lẹ́bàá ẹrù. Ó wà láàrin àwọn obìnrin tí ń ta ẹja yíyan, ó ń bá wọn sọ èdè Ègùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni ó ti wà ní ilé ọmọ wa, a kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n ń pè é ní orúkọ kan tí a kò mọ̀, nítorí pé ní ọjọ́ tí wọ́n mú un wá, a ní orúkọ rẹ̀ le, a sì fún un ní èyí tí ó rọrùn fún wa. Ó rí wa, ẹ̀rín náà sì tán. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, ó ní, ‘Mà, ṣé ọ̀nà Sẹmẹ̀ kọ́ nìyẹn?’ A ní òun ni. Ó ní, ‘Ìyá mi wà lọ́hùn-ún, ní Àjàṣẹ́.’ Ó gbé kúlà, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ojú oorun wa kò gbá oorun jọ lóru ọjọ́ náà. Gbogbo ọjọ́ ni a fi mi orí sí Abass, a kò mọ̀ pé ara wa ni a ń wò. Ilẹ̀ Èkìtì wa náà ní irú ìtàn yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ológun Ìbàdàn, Ìlọrin àti Núpé kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú. Èkìtìparapọ̀ sì jagun láti 1877 kí a tó bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní 1886. Síbẹ̀, àwọn baba ńlá wa tí ìkónilẹ́rú dùn tó báyìí, ẹrú àti ìwọ̀fà wà nínú ilé tiwọn náà. Ìyà nìkan kì í kọ́ ènìyàn ní àánú. Bí a bá jìyà, tí a kò sì ronú, ọgbọ́n bí a ti ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn ni a ó kọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní, ‘Ẹ má ṣe àsọdùn. Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í ṣe ẹrú. Ìyá rẹ̀ ni ó fà á kalẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.’ Òótọ́ ni, a kò sì fi wọ́n wé ara wọn. Àwa tí ń kọ ìwé yìí pàápàá, ilé kátékíìsì ni a ti dàgbà. A pọnmi, a gbálẹ̀, wọ́n sì nà wá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa àti àwọn ọmọ kátékíìsì ni a jọ ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ tí baba wa sọ wá ni wọ́n ń pè wá. Ìdí nìyẹn tí a fi di olùkọ́. Ìwọ̀fà àtijọ́ náà ní àkókò tí ó ń lọ sí oko ara rẹ̀. Ọmọ inú ilé wa yìí, àkókò wo ni ó jẹ́ tirẹ̀? Owó oṣù rẹ̀ kì í kan án lọ́wọ́. Ìyá kan tí ó mú un wá ni ó ń wá gbà á. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 pàápàá kọ̀ pé kí a fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àti ẹbí rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a fi ń yẹ ara wa wò. Èkínní, orúkọ wo ni a ń pe ọmọ náà, ta ni ó sì sọ ọ́? Èkejì, ọwọ́ ta ni èrè iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ? Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá ń ka ènìyàn, ṣé a ń kà á mọ́ wa?

Nínú Ẹ́kísódù orí ogún, Ọlọ́run ní kí a pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ nítorí pé Òun náà sinmi nígbà tí Ó dá ayé tán. Ṣùgbọ́n ẹ ka Deutarónómì orí karùn-ún. Ìdí mìíràn wà níbẹ̀: nítorí pé Ísírẹ́lì ti ṣe ẹrú rí, kí ìránṣẹ́bìnrin inú ilé lè rí ìsinmi bí ìyá ilé. Ẹ ò rí i pé ìrántí ìyà àtijọ́ kì í ṣe fún omijé nìkan? Ẹni tí ó wà nílé wa ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ tún rántí ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí ilé Náámánì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó mú ìwòsàn bá ọ̀gá náà, síbẹ̀ a kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀ mú ọmọ náà lọ sí Àjàṣẹ́. Wọ́n rí i pé owó tí ń dé ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ń san. Ìyá náà kò kọ́kọ́ yọ̀, nítorí pé ẹnu kan tún kún àwọn tí yóò máa bọ́. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó padà sí ilé ìwé, kí ọmọ wa sì máa san owó rẹ̀. A kìlọ̀ fún ọmọ wa pé kí ó má pè é ní ọrẹ àánú, nítorí gbèsè ọdún méjì ni. Iṣẹ́ ilé ti wá di ti ọmọ wa báyìí. Aago mẹ́rin àárọ̀ ni ó ń jí, ó sì máa ń kùn sí wa lórí fóònù. A kò bá a jiyàn pé kò le.

John Wesley, baba wa, kọ ìwé lòdì sí òwò ẹrú ní 1774. Ní 24 February 1791, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ó kú, ó ṣì ń kọ lẹ́tà sí William Wilberforce láti gbà á níyànjú nínú ìjà náà. Ìjà tiwa kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Inú ilé ìdáná wa ni ó wà.

Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ní èbúté, ẹ ka iye ara yín dáadáa. Kí Olúwa kí ó fún wa ní ojú tí ń rí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àmín.