Ọpẹ́ fún Ilẹ̀ tí ó Tọ́ Wa: Ta ni a Jẹ ní Gbèsè?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá lanu sọ pé nǹkan kò lọ dáadáa ní ìpínlẹ̀ wa. Àgbàlagbà kan á ní: “Ìwọ tí ìpínlẹ̀ yìí tọ́, tí ó rán ọ lọ sí ilé-ìwé, ìwọ náà ni o ń bú u?” Ọ̀dọ́ náà á dáhùn pé: “Kí ni ìpínlẹ̀ ṣe fún mi? Ìyá mi ni ó tọ́ mi.” Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí nínú ọkọ̀, mo ti gbọ́ ọ níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mi ò sì tíì rí ibi tí ẹnìkan ti borí nínú àwọn méjèèjì. Ṣé ènìyàn lè jẹ ìpínlẹ̀ ní gbèsè ọpẹ́? Bí ó bá jẹ ẹ́, ọwọ́ ta ni yóò san án sí?

Àríyànjiyàn náà kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú Àlùkùránì alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrà Ash-Shu'araa. Nígbà tí Ànábì Músá wọlé tọ Fir'áónà lọ pé kí ó jọ̀wọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kọ́ ni Fir'áónà kọ́kọ́ bá a jiyàn lé lórí. Ìtọ́jú ni ó kọ́kọ́ fà yọ. Ó rán an létí pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ó ti dàgbà láti ìkókó, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò nínú ilé àwọn, kí ó tó wá ṣe ohun tí ó ṣe; ó sì kà á kún aláìmoore. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ wa!

Kí ni Músá fọ̀? Kò sọ pé irọ́ ni, òun kò jẹun wọn rí. Ní ti ẹni tí ó kú lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà pé òun ṣe é nígbà tí òun kò tíì mọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni ó dojú ọ̀rọ̀ kọ oore náà fúnra rẹ̀: irú oore wo ni ènìyàn ń fi ṣe ìrègún fún ẹnìkan, nígbà tí ó ti sọ gbogbo ìran ẹni náà di ẹrú? Àwọn onímọ̀ tafsíírì kò fẹnu kò lórí gbólóhùn yìí. Àwọn kan ní Músá jẹ́wọ́ oore náà, àwọn mìíràn ní ìbéèrè ìtakò ni ó fi kọ̀ ọ́. Lójú tèmi, èyí tí a bá mú nínú méjèèjì, ohun kan kò yẹ̀: Músá kò gbà kí oúnjẹ tí ó jẹ di ohun tí a ó fi dí i lẹ́nu.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà dúró lé lórí. Oúnjẹ ààfin yẹn, òógùn ta ni? Ibi tí a bá ti sọ ènìyàn di ẹrú, òógùn ẹrú wà nínú ohun tí ọba ń jẹ. Ẹ tún ṣí Súrà Al-Qasas, ẹ ó rí i pé ìyàwó Fir'áónà ni ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má pa ọmọ náà, ìyá tí ó bí i gan-an ni ó sì fún un lọ́mú. Àwọn onítafsíírì sọ pé ààfin tún ń san owó fún un lórí ọmọ ara rẹ̀! Obìnrin méjì ni ó ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, Fir'áónà ni ó ń béèrè ọpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìpínlẹ̀ tèmi, Ọ̀ṣun, ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba ológun yọ ọ́ jáde lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ mi ni nínú ọjọ́ orí, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ náà, ọdún 1976 ni wọ́n gé e lára Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀ ni ó tọ́ wa. Kéwú ti wà ní Ìwó àti ní Ẹdẹ ṣáájú gbogbo gómìnà. Tìmì Abíbù Lágùnjú jẹ́ ọba Mùsùlùmí ní Ẹdẹ nígbà tí ọdún kò tíì pé 1900. Ilé-ìwé ìjọba láàárọ̀, ilé-kéwú lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, mo sì wà lára wọn. Ti ọ̀sán, a mọ ẹni tí ó san án: àwọn òbí wa àti ààfáà tí ó gba ohun tí wọ́n rí fún un láìjanpata. Ti àárọ̀ ni a kò bi ara wa nípa rẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù kíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún náà, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Ọ̀fẹ́ ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ẹnìkan san án. Apá kan jẹ́ owó kòkó: àjọ tí ń ra kòkó kì í san gbogbo iye tí kòkó pa lókè òkun fún àgbẹ̀, ìjọba sì ń ná nínú èyí tí ó ṣẹ́kù. Apá kan jẹ́ owó-orí. Inú àwọn bàbá wa kò dùn sí owó-orí yìí rárá. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC na Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn tí Action Group ń ṣàkóso gan-an, àwọn òpìtàn sì ka owó-orí yẹn mọ́ ohun tí ó fà á. Yunifásítì Ifẹ̀ pàápàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1961, owó Ìwọ̀-Oòrùn ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó gbà á ní 1975.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Àgbẹ̀ tí ó ń kùn nígbà tí ó ń san owó-orí, ṣé a jẹ ẹ́ ní ọpẹ́? Ẹlòmíràn lè ní rárá, nítorí kò sí níyà rẹ̀ láti ṣe wá lóore. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Níyà rẹ̀ wà láàárín òun àti Ọlọ́hun, èrè rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ẹni tí kì í ṣe àbòsí. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ ẹ́ mọ̀ pé a jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ yẹn kò mọ ìwé kà títí wọ́n fi kú. Ọmọ ọmọ wọn ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ó wá hàn ibi tí gómìnà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó kọ́ kíláàsì mẹ́ta tí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, owó ta ni ó ná? Mi ò sọ pé kí a má dúpẹ́ lọ́wọ́ alákòóso tí ó ṣe dáadáa. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ oore ọmọ ènìyàn kò lè mọ ti Ọlọ́hun. Ẹni tí ó fi amáànà síbi tí ó yẹ, ẹ kí i. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ akápò ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ọpẹ́ olówó.

Láti 2015 títí di 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò gba owó oṣù wọn pé, àwọn mìíràn gba ààbọ̀. Àwọn olùkọ́ wà nínú wọn. Àwọn tí ó ní kí ọ̀dọ́ dákẹ́ nígbà náà nítorí pé ìpínlẹ̀ ló tọ́ ọ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ wọn lé ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ àwọn ènìyàn ni a jẹ ní gbèsè, ẹni tí ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ àwọn ènìyàn náà níyà ni aláìmoore, kì í ṣe ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Kí ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọlọ́hun rán Músá pàápàá sí Fir'áónà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù.

Ẹ̀yin arábìnrin wa mọ ibi tí ó ti le jù lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí a ń pè ní ti ìjọba lónìí, ìjọ Ìtẹ̀bọmi tàbí ìjọ mìíràn ni ó kọ́ ọ, kí ìjọba tó gbà wọ́n ní 1975. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó wọ aṣọ ìjọ wá sí kíláàsì. Àwọn kan bi wá pé: ẹ jẹ oore wa, ẹ wá fẹ́ gba ilé wa? Ó yẹ kí a dáhùn láìṣẹ́jú pé òótọ́ ni, ẹ kọ́ ọ, àwọn ìyá wa sì kàwé níbẹ̀, Ọlọ́hun yóò san ẹ̀san iṣẹ́ rere fún ẹni tí ó ṣe é bí Ó ti fẹ́. Ìyẹn kò sọ pé kí ọmọbìnrin ṣí orí sílẹ̀. Súrà Luqman pa á láṣẹ pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, ó sì kọ̀ pé kí a tẹ̀lé wọn bí wọ́n bá pè wá sí ẹbọ, ó tún ní kí a máa fi dáadáa bá wọn gbé. Bí a bá lè ṣe é fún òbí, a lè ṣe é fún aládùúgbò.

Àwọn tí wọ́n ti kúrò nílé ńkọ́? Ànábì wa fẹ́ràn Mẹ́kà títí ó fi jáde níbẹ̀, síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀, Mẹ̀dínà ni ó padà sí, nítorí pé àwọn Ansọ́ọ̀rù gbà á nígbà tí ilé lé e. Kí ènìyàn gbé ibòmíràn kì í ṣe àìmoore. Àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n wà ní Abidjan láti ìran dé ìran kò gbàgbé Èjìgbò. Ẹni tí ó bá dé ìlú náà yóò rí ilé tí owó Abidjan kọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni a ní owó Abidjan. Olùkọ́ tí ó di ọwọ́ rẹ mú kọ A àti B ní kíláàsì àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìntì, bóyá ó ṣì ń retí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ṣé o mọ ilé rẹ̀? Ìgbà wo ni o dé ibẹ̀ kẹ́yìn?