Ta Ni Ó Ni Ọmọ Òrukàn?

Àwa ọmọ Oòduà tí ó fi Ogbe àti ìlú Bìní ṣe ibùjókòó ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Inú ìwé àwọn ọmọ wa ni a ti bá ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí pàdé.

Ìwé 13 ni. Daniel Handler, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ wọ́n lábẹ́ orúkọ Lemony Snicket láti 1999 sí 2006, A Series of Unfortunate Events sì ni àpapọ̀ orúkọ wọn. Iná jó bàbá àti ìyá mọ́lé, ó ku ọmọ mẹ́ta: Violet, Klaus, àti Sunny tí ó ṣì wà lọ́wọ́. Klaus, ọmọ ọdún 12, kò lágbára, kò níbọn. Ìwé kíkà ni ohun ìjà rẹ̀.

Mr. Poe, òṣìṣẹ́ báńkì tí ogún wọn wà níkàáwọ́ rẹ̀, kó wọn fún Count Olaf, ìbátan ọ̀nà jíjìn tí wọn kò mọ̀ rí. Owó ni ojú Olaf wà. Ó fi wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ó gbá Klaus lójú. Wọ́n fẹjọ́ sun Mr. Poe, kò kà á sí. Ilé aládùúgbò, Justice Strauss, obìnrin adájọ́ tí ìwé kún ilé rẹ̀, ni Klaus ti rí ìwé òfin tí ó fi tú àṣírí: ìgbéyàwó gidi ni Olaf fi eré orí ìtàgé bò, kí ó lè fẹ́ Violet, ọmọ ọdún 14, kí ogún bọ́ sí i lọ́wọ́. Adájọ́ náà wá ní òun fẹ́ gba àwọn ọmọ náà tọ́. Mr. Poe kọ̀, ó ní ìwé ìpíngún àwọn òbí wọn sọ pé ẹbí ni kí ó tọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí ẹnìkan nínú wa bá kú níhìn-ín, kò ní pẹ́ tí mọ́tò yóò fi dé láti ilé. Wọn yóò pín aṣọ, wọn yóò pín ọmọ: èyí lọ Ìbàdàn, èyí lọ Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò wọn lọ Ìlọrin. Ọmọ tí ó gbọ́ Ẹ̀dó ju Yorùbá lọ, tí ìdánwò WAEC rẹ̀ kù díẹ̀, yóò bá ara rẹ̀ ní iléèwé tí kò ti mọ ẹnì kankan. A kò sọ pé ẹbí kò dára. Ẹbí ni ó mọ oríkì ọmọ, òun ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà. Aládùúgbò tí inú rẹ̀ dùn sí ọmọ lónìí lè kó lọ lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò bi í.

Ṣùgbọ́n ta ni ó bi ọmọ náà léèrè? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀ bí ìpàdé ẹbí bá dé, ilé ìdáná ni a ń lé ọmọdé lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò. Kò ní ire ẹbí.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, o. Ó rọrùn láti fẹ́ràn Klaus, ó mọ̀wé. Ọmọ òrukàn tí ó gba ipò kìíní, a ó dáwó fún un, a ó fi fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìrántí bí irú èyí. Èyí tí ó gba ipò ogójì ńkọ́? Sunny kò mọ A yàtọ̀ sí B, Olaf sì so ó rọ̀ nínú àgò lára ilé gogoro.

Ààfin Ọba kò jìnnà sí wa. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé nígbà tí Ọ̀rànmíyàn kúrò ní Bìní, ó fi Eweka, ọmọ tí Erinmwinde bí fún un, sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀. Eweka kì í ṣe òrukàn, ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀dó ni ó tọ́ ọ tí ó fi jọba. Kò sí ẹbí láti Ifẹ̀ tí ó wá gbé e lọ.

Kí olúkúlùkù wa tí ó bí ọmọ síbí kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le, ẹni tí yóò tọ́ ọmọ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹbí, ìbáà ṣe aládùúgbò tí ń sọ Ẹ̀dó. Bí kò bá sí ìwé, kí ẹgbẹ́ rán àgbà méjì sí ìpàdé ẹbí, kí wọ́n pe ọmọ náà wọlé láti ilé ìdáná, kí wọ́n fún un ní àga.