Ta Ló Yẹ Kó Mú Ẹ̀rí Wá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó." Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń fi í kìlọ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ kẹ́míkà, ọ̀pọ̀ ìjọba ayé kì í wò ó láti òkèèrè. Wọn á jẹ́ kí igi gún ènìyàn lójú ná, wọn á wá ní kí onítọ̀hún mú ẹ̀rí wá pé igi ló gún òun. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí kẹ́míkà kan bá wọ ọjà, ṣé ẹni tó ń tà á ló yẹ kó fi hàn pé kò léwu ni, àbí ẹni tó pa lára ló yẹ kó fi hàn pé ó léwu? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń jẹ èrè ló yẹ kó ru ẹrù ẹ̀rí. Mo sì gbà pé ìjọba ìpínlẹ̀, èyí tó sún mọ́ ilé wa, kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba àpapọ̀ kó tó gbé ìgbésẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Kẹ́míkà kì í ṣe ọ̀tá wa. Omi tí à ń mu, kẹ́míkà ni. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà, kẹ́míkà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tó ti inú ilẹ̀ wá ni kò léwu. Májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ohun tó sọ ọ́ di gààrì tí à ń jẹ ni pé àwọn ìyá wa mọ̀ pé ó gbọdọ̀ di rírin, kí ó kan, kí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì yan án lórí iná. Ìmọ̀ kẹ́míkà gidi nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ àti ohun òyìnbó ni mo fẹ́ fi wéra. Ohun tí a ti wádìí ewu rẹ̀, tí a sì mọ bí a ṣe ń yẹra fún un, ni mo fẹ́ fi wé ohun tí a kàn gbà láìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n ti dán ọ̀nà méjèèjì wò níbẹ̀. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe òfin lórí àwọn kẹ́míkà tó léwu. Nǹkan bí 62,000 kẹ́míkà ló ti wà lọ́jà nígbà náà, òfin náà sì gbà pé kí wọ́n máa bá títà wọn lọ láìkọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Bí ìjọba bá fẹ́ dá ọ̀kan dúró, ìjọba ló máa mú ẹ̀rí wá. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti fòfin de asbestos ní 1989, bẹ́ẹ̀ ó ti hàn tipẹ́ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ilé ẹjọ́ fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà ní 1991. Ọdún 2016 ni wọ́n tó tún òfin 1976 ṣe, ọdún 2024 ni wọ́n sì tó fòfin de irú asbestos kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ṣì ń kó wọ̀lú. Ẹ ṣírò iye ọmọ tó ti dàgbà láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts tó ń jẹ́ Woburn. Ní 1979, wọ́n ti kànga ìjọba méjì pa níbẹ̀, nítorí wọ́n rí trichloroethylene nínú omi wọn. Èyí ni kẹ́míkà olómi tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin. Kí wọ́n tó ti kànga yìí pa ni àwọn ìyá kan ní àdúgbò náà ti ń ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń mú àwọn ọmọ wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1982, àwọn ẹbí gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọdún 1986 ni ẹjọ́ náà tó dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ tó máa dá a. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ti sin ọmọ, tí wọ́n wá ní kó ṣàlàyé bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, láti ilé-iṣẹ́ wo dé kànga wo, ní oṣù wo. Ẹni tí ìmọ̀ àti owó rẹ̀ kéré jù ni a gbé ẹrù tó wúwo jù lé lórí. Níbi tí mo dúró sí, ìwà àìtọ́ ni èyí, kódà bí òfin bá fàyè gbà á.

Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n ṣe òfin mìíràn ní 1989 tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Òfin náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfòfindè. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ń lo kẹ́míkà olóró púpọ̀ máa ka iye tó ń lò lọ́dọọdún, kí ó ròyìn rẹ̀, kí ó san owó lé e, kí ó sì máa ṣe ètò lórí bí òun ṣe lè dín in kù. Òfin kò fi ipá mú un láti mú ètò náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jókòó tí wọ́n ka ohun tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń dà nù, wọ́n rí i pé owó àwọn ló ń ṣàn lọ. Apá kan nínú owó tí wọ́n ń san ló ń gbọ́ bùkátà ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Lowell, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń bá àwọn oníṣẹ́ kéékèèké wá ohun mìíràn tí wọ́n lè lò. Ìbéèrè ti yí padà. Wọn kì í béèrè mọ́ pé, "Ta ló ti kú?" Wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé kò sí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ ni?"

Ìbéèrè yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ́místrì aláwọ̀ ewé. Ní 1998, Paul Anastas àti John Warner kọ ìlànà 12 sílẹ̀ fún un. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé ó sàn kí a má dá ìdọ̀tí sílẹ̀ rárá ju kí a máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn. Ẹ wo oògùn ìrora ibuprofen. Nígbà kan, ìpele mẹ́fà ni wọ́n ń gbà ṣe é, nínú èròjà 100 kílò, nǹkan bí 40 péré ló ń di oògùn. Ìyókù di ìdọ̀tí. Ọ̀nà tuntun tó gba ẹ̀bùn ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1997 jẹ́ ìpele mẹ́ta, ó sì ń lo nǹkan bí 77. Oògùn kan náà ni, orí fífọ́ kan náà ló ń wò.

Àmọ́ a kì í sá fún eku kí a lọ bọ́ sọ́wọ́ ejò. Ní 1975, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé tìmùtìmù inú àga gbọdọ̀ lè dènà iná. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń dà sínú rẹ̀ kó lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn kẹ́míkà náà sì ń bá eruku jáde sínú ilé tí ọmọ ti ń rákò. Ọdún 2013 ni wọ́n tó yí òfin náà padà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òfin ààbò tí kò béèrè ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò èyí tó léwu lè di ewu fúnra rẹ̀.

Ní ilé wa ńkọ́? Ní 1988, wọ́n rí májèlé tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Kókó, ní ibi tó ti di Ìpínlẹ̀ Delta báyìí, kí ìjọba tó sáré ṣe òfin. Ní 2019, NAFDAC dá títa àwọn ìgò kéékèèké Sniper dúró ní ọjà gbangba, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti mu ún kú. Èkó fòfin de abọ́ fúyẹ́ funfun tí àwọn olóúnjẹ ń bu ìrẹsì sí ní 2024. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìpalára ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Kọ́ọ́sítíìkì tó ń rà, inú ọ̀rá lásán ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí fún un. Kò sí àkọlé, kò sí ìkìlọ̀. Omi aró náà, ojú gọ́tà ló ń gbà lọ. Àwọn kan á ní, "Ẹ fòfin dè é!" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á sì béèrè pé, "Kí ni kí n wá máa jẹ?" Ìbéèrè yìí lágbára, mi ò sì gbà pé ó yẹ kí a fò ó dá. Òfin tó gba kọ́ọ́sítíìkì lọ́wọ́ aláró láìfún un ní nǹkan mìíràn kàn gbé ẹrù náà padà sórí ẹni tí kò lágbára ni. Ẹni tó ń kó o wọ̀lú àti ẹni tó ń tà á ní àpò ńláńlá ni kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dì mú: kí wọ́n kọ àkọlé lédè tí aláró lè kà, kí wọ́n san owó, kí a fi owó náà ran yunifásítì wa lọ́wọ́ láti wá aró tó sàn jù, kí a sì fi kọ́ àwọn aláró.

Àwọn kan á tún sọ pé bí ìpínlẹ̀ kan bá le jù, àwọn oníṣẹ́ á kó lọ sí ìpínlẹ̀ kejì. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n odò Ògùn kò mọ ààlà: láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ ọ̀sà ní Èkó. Ohun tí a dà sí i lókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ún. Ìdí rèé tó fi yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ yìí fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí Èkó tí ọjà rẹ̀ tóbi jù sì ṣáájú, nítorí ohun tí Èkó bá kọ̀ láti rà, ó máa ṣòro kí ẹnikẹ́ni máa ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kẹ́míkà sójú pátákó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi wá pé níbo ni ìyókù ń lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè ohun tó wà nínú ìgò kí ẹ tó rà á. Ẹ̀yin aṣòfin, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun kò lè mú ẹ̀rí wá. Ẹni tó ń tà ló lè ṣe é, òun náà sì ló yẹ kó ṣe é, kí ọjà rẹ̀ tó délé wa.