Ilé Àjàlá àti Ọkọ̀ Oníná

Ní ọdún 1914, nígbà tí Henry Ford pinnu pé ọ̀dà dúdú nìkan ni òun yóò máa fi kun ọkọ̀ Model T, tí àwọn ọkọ̀ náà ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ẹ̀bá ìlú Detroit, tí gbogbo wọn dúdú bí kóró iṣin, tí ẹni tí ó wá rà á kò sì ní ohunkóhun láti yàn ju kí ó san owó kí ó sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, Clara, ìyàwó Ford fúnra rẹ̀, kò wa ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ oníná ni ó ń wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Detroit Electric rọ, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í pariwo, kì í rùn, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú rẹ̀ máa fi agbára yí irin kí ó tó jí. Ẹni tí ó bá sì lọ ra Detroit Electric láàárín ọdún 1911 sí 1916 ní ohun kan tí ó le láti yàn: bátìrì olójé tí ó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé, tàbí bátìrì onírin àti níkẹ́ẹ̀lì tí Thomas Edison ṣe, tí wọ́n ń bu 600 dọ́là lé owó ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Ní 1914, owó yẹn ju ohun tí ènìyàn fi ń ra odidi Model T oníjòókòó márùn-ún lọ. Bátìrì ti Edison ni ó ń tọ́jọ́ jù. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni méjèèjì wà, ojú olùrà kò sì rí ju ọ̀dà tí ń dán àti aṣọ tí wọ́n fi bo ìjókòó.

Ohun tí ènìyàn kò rí inú rẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó yàn án?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ìbéèrè yìí sí mi lọ́kàn, nígbà tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná tuntun, tí ó sì fi ìwé tí àwọn òǹtajà to gbogbo àfikún ọkọ̀ náà sí ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn. Ọ̀dà oríṣiríṣi, tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, rímù kékeré tàbí rímù ràgàjì, bátìrì oríṣi méjì, ìjókòó aláwọ, òrùlé onígíláàsì, ẹ̀rọ amúgbóná tí wọ́n ń pè ní heat pump, àti àwọn àfikún kan tí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ kàn rárá, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ó kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: “Bàbá Ìbàdàn, ẹ bá mi wò ó o. Bí mo bá mú gbogbo rẹ̀, n óò jẹ gbèsè. Bí mo bá sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé n óò kábàámọ̀.” Èmi tí n kò wa ọkọ̀ oníná rí, kí ni n óò sọ? Ilé Àjàlá ni ọkàn mi lọ.

Àwọn awo, nínú odù Ifá tí ń jẹ́ Ògúndá Méjì, sọ fún wa nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ń ti ìsálú ọ̀run bọ̀ wá sí ìsálayé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín. Dandan ni kí wọ́n yà nílé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, kí olúkúlùkù yan èyí tí yóò gbé wá sáyé. A ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ yà síbì kankan lọ́nà, ìbáà ṣe ohùn baba wọn ni wọ́n gbọ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ pa òfin mọ́. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n sì mú orí tí ó wù wọ́n lójú, èyí tí ó tóbi tí ó sì mọ́ra, láìmọ̀ pé Àjàlá kò sun ún jinná. Bí wọ́n ti gbé e jáde ni òjò dé. Òjò kò sì bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ó lù wọ́n, ó ń bó orí náà díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dé ayé, kò sí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé tí ó yọrí.

Afùwàpẹ́ ni ó yà nílé baba rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kí ó mú owó àti iyọ̀ dání. Iyọ̀ ni ó fi ṣe oore fún oníbodè kan tí ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè náà sì là á lọ́yẹ̀ nípa Àjàlá: pé onígbèsè paraku ni, pé bí ó bá dé ilé rẹ̀ tí kò bá a, kí ó wo òkè àjà, nítorí pé ibẹ̀ ni ó máa ń sá sí bí olówó bá wá sin ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Afùwàpẹ́ bá olówó nílé, ó san gbèsè náà, olówó bá tirẹ̀ lọ. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó béèrè ohun tí ó ń wá. Ó mú un wọ iyàrá orí, ó fi ọ̀pá irin gbá wọn wò, ó sì fi èyí tí ó dún gan-an hàn án. Òjò pa orí yẹn náà, ṣùgbọ́n kò rí i gbé ṣe.

Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, nínú ìwé tí ó kọ ní 1991 lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, béèrè bóyá a lè pe irú èyí ní yíyàn, nígbà tí ẹni tí ń yàn kò ní ìmọ̀ kankan nípa ohun tí ó ń yàn. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, a máa ń kánjú kọjá ibi tí adùn ìtàn náà wà. Kì í ṣe pé ojú Afùwàpẹ́ mú ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dá a dá ọgbọ́n orí rẹ̀, òun náà ìbá mú èyí tí ó tóbi, nítorí orí burúkú kì í wú tuulu. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bọ́ alámọ̀ lọ́wọ́ gbèsè kí ó tó béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí olówó dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò lè fi òtítọ́ tajà. Gbogbo orí tí ó wà nínú iyàrá ni yóò máa yìn, nítorí pé èyí tí ó bá kọ́kọ́ tà ni yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀dá kan kò sí tí ó lè mọ inú gbogbo ọjà, nítorí náà n kò gbà pé inú ọjà ni yíyàn gidi wà. Ó wà nínú mímọ ẹni tí a óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó ń dá wa lóhùn.

Òǹtajà tí ó gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálejò, ọmọlúàbí ni; ó fi tíì lọ̀ ọ́, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Síbẹ̀, onígbèsè ni òun náà, nítorí pé inú rímù ràgàjì àti òrùlé gíláàsì ni èrè rẹ̀ wà, kò sì sí ohun púpọ̀ tí yóò wọ àpò rẹ̀ bí olùrà bá mú ọkọ̀ lásán lọ. Mo ní kí ó wá awakọ̀ takisí kan tí ń wa irú ọkọ̀ náà, ẹni tí kò ní jẹ kọ́bọ̀ lórí ohun yòówù tí ó bá mú. Ó rí ọmọ Ìjẹ̀bú kan. Ìyẹn ní kí ó jókòó síwájú, ní òwúrọ̀ kan tí yìnyín bo gíláàsì ọkọ̀. Ó ní kí ó wo iye máìlì tí ọkọ̀ náà kọ pé ó kù, ó tan ooru, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo bí nọ́ńbà náà ti ń wálẹ̀.

“Àbúrò, ọkọ̀ tèmi ò ní heat pump,” ni ó wí. “Tó bá jẹ́ Èkó lò ń gbé, mi ò ní ní kó o rà á. Níbí, rà á.”

“Rímù ńlá yẹn ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Ojú lo máa fi jẹ ẹ́, bátìrì ló máa san owó ẹ̀. Táyà ẹ̀ náà sì wọ́n.”

Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ elépo a máa gbóná dáadáa, ooru tí ìbá ṣòfò sì ni ó fi ń mú inú ọkọ̀ yá gágá. Ọkọ̀ oníná kò ní irú ooru bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀, inú bátìrì ni ó ti ń bù ú, àfi bí ó bá ní heat pump tí ń fa ooru wọlé láti inú afẹ́fẹ́ òde. Ní ti bátìrì, èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sféètì ṣe, tí wọ́n ń pè ní LFP, a máa gba iná kún dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́ láìsí ìpalára tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń pẹ́. Ti níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń gbé ọkọ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é sábà máa ń sọ pé kí a dá a dúró ní nǹkan bí 80 bí kì í bá ṣe ìrìn-àjò.

Kóbáàtì yẹn dá mi dúró. Ilẹ̀ Kóńgò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti gbogbo ayé ti ń wá, ní Kolwezi àti àwọn ìlú tí ó wà ní sàkání rẹ̀. Ní ọdún 2016, Amnesty International gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọdé tí ń ṣà á, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń rù ú. Afùwàpẹ́ fi owó ara rẹ̀ san gbèsè ẹlòmíràn kí orí rẹ̀ tó dára. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń san gbèsè ọkọ̀ mi ní Kolwezi, n kò rò pé orí tí ó jinná ni mo gbé jáde nílé Àjàlá, bí ó ti wù kí ọkọ̀ náà rìn jìnnà tó. LFP kò ní kóbáàtì nínú. N kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí pé lítíọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ti wà á.

Mùsùlùmí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kí rákà méjì Istikhara, ìrun tí a fi ń wá ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run, lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan máa ń rò pé àlá ni ènìyàn yóò lá lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì rí àwọ̀ ọkọ̀ kedere lójú oorun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí onítọ̀hún ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí nǹkan náà bá dára fún ẹ̀sìn òun, fún ìgbé ayé òun àti fún àtubọ̀tán òun, kí ó rọrùn. Bí kò bá sì dára, kí Ọlọ́run yí i kúrò lọ́dọ̀ òun. Ohun tí ó wú mi lórí níbẹ̀ ni ẹni tí a ń bẹ̀: Ọba tí ó mọ̀ nígbà tí àwa kò mọ̀, Ọlọ́rọ̀ tí kò nílò ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí olówó lẹ́nu ọ̀nà Tirẹ̀. Awakọ̀ takisí pàápàá, bí ó ti jẹ́ olóòótọ́ tó, lè máa wá ẹni tí yóò bá a ra irú ohun tí ó rà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, sọ ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn baba wa gbà pé ìpín fi ń dé ọwọ́ ẹ̀dá: ohun tí a kúnlẹ̀ yàn, ohun tí a kúnlẹ̀ gbà, àti ohun tí a yàn mọ́ni. Ìwé àfikún kò sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ti èkejì, ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi so mọ́ ilé onílé lọ́tùn-ún lósì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kan títì, kò sí àyè tí yóò gbé ọkọ̀ sí. Ẹni tí ó ní àyè a máa fi iná ilé rẹ̀ kún bátìrì mọ́jú, VAT orí iná yẹn sì jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò ní, ojú títì ni yóò ti rà á, níbi tí VAT gbé jẹ́ 20. Nínú gbogbo ohun tí yóò pinnu bí ọkọ̀ yẹn yóò ṣe bá a lára mu, èyí ni ó tóbi jù, kò sì sí àpótí kankan nínú ìwé tí a lè fàmì sí nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a yàn mọ́ni, ni ó ń kọ mí lóminú. Ní ọdún 2016, Tesla ń ta Model S kan tí wọ́n pè ní 60, bátìrì 75 kilowatt-hour sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi di ìyókù. Ẹni tí ó bá san owó sí i, wọn a tú u fún un láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ìjì Irma ń bọ̀ ní Florida ní oṣù Kẹsàn-án 2017, tí àwọn ènìyàn ń sá àsálà fún ẹ̀mí wọn, ilé-iṣẹ́ náà tú u fún àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè rìn jìnnà sí i. Oore ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sá náà ti ń gbé bátìrì yẹn kiri láti ọjọ́ tí ó ti ra ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ ni ó ń rù, agbára rẹ̀ ni kò jẹ́ tirẹ̀. Ní 2022, BMW ti Jámánì náà ń gba owó oṣooṣù lórí ooru ìjókòó ní àwọn ilẹ̀ kan, Gúúsù Kòríà wà lára wọn. Ariwo ta, wọ́n sì jáwọ́ ní ọdún kejì. Àjàlá jẹ gbèsè, ó sá sí àjà, orí tí kò jinná sì ń jáde nílé rẹ̀. Síbẹ̀ a kò gbọ́ ọ rí pé ó dá ẹnikẹ́ni lọ́nà pé apá kan orí yẹn ṣì jẹ́ tòun, kí ó máa wá san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí a yàn mọ́ni, Olódùmarè atẹ́rẹrẹ káyé nìkan ni àwọn baba wa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí lọ́wọ́, kì í sì í tà á. Mo ní kí ó yọ gbogbo irú àfikún bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ó ku ọ̀dà. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ pupa, pupa sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ náà rò pé n óò bá a wí. N kò bá a wí, nítorí pé nínú ìwé yẹn láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀dà nìkan ni òǹtajà kò ti fi ìmọ̀ ju olùrà lọ: ohun tí obìnrin náà rí ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa rí ní ojú títì Leeds títí ọkọ̀ náà yóò fi gbó. Orísẹ̀ẹ́kú kò ṣẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ohun tí ó mọ́ra. Ó ṣẹ̀ nítorí pé ó pe ẹwà ní ẹlẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú ẹwà. Ẹni tí ó ra pupa nítorí pé pupa wù ú kò tan ara rẹ̀ jẹ, bí owó rẹ̀ bá ká a. Wọ́n mú bátìrì LFP, wọ́n mú heat pump, wọ́n fi rímù kékeré sí i, wọ́n sì san owó ọ̀dà pupa. Mo gbọ́ pé òǹtajà náà tún béèrè, nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé, bóyá wọn kò ní fẹ́ òrùlé onígíláàsì.