Àkísà Àgbà, Aṣọ Ọmọdé

Òwe tí Yorùbá ń pa pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," kò le láti túmọ̀, nítorí pé owó lè ra aṣọ ní òòjọ́, ṣùgbọ́n àkísà, ìyẹn aṣọ tí ó ti gbó tí a kò lè wọ̀ ròde mọ́, ọjọ́ orí ní í mú un wá. Ìrírí ni òwe náà ń fi àkísà pè, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn dé ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bí àwọn olórin ṣe ń lò ó, pàápàá ní Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ orin láìní ju ohùn lásán lọ. Bí ọmọ ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀dọ́ tí ó ń gbè tàbí tí ó ń lùlù fún ọ̀gá, bá béèrè ìpín tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n ná fún wọn lójú agbo, tàbí tí ó ní kí orúkọ òun hàn lára àwo tí òun bá wọn ṣe, òwe yìí ni wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Ìrẹ́jẹ gbáà ni èyí, nítorí pé ìbéèrè nípa owó kọ́ ni ọjọ́ orí ń dáhùn.

Kí tilẹ̀ ni àkísà olórin? Òun ni ẹrù inú àpótí abẹ́ ibùsùn: kásẹ́ẹ̀tì démò, ìyẹn orin tí olórin kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ láti fi wá ẹni tí yóò gbé e jáde, fọ́tò tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, aṣọ ẹgbẹ́ tí kò gba ọrùn mọ́, àti pósítà àtijọ́. Nígbà tí àgbà olórin bá ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀, ọmọdé ni ó ni gbogbo ohun tí yóò bá níbẹ̀. Olórin 9ice, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní agbègbè Ṣómólú òun Bàrígà, jẹ́ ẹni 20 ọdún nígbà tí ó ṣe démò rẹ̀, Risi de Alagbaja, ní 2000. Ó di 2005 kí orin rẹ̀ Little Money tó jáde, ó sì di 2008 kí Gongo Aso tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹni 22 ọdún ni Olamide, ọmọ Bàrígà, ní 2011 tí ó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, jáde. Ẹ̀rí tí àgbà gbé dìde láti fi tako ọmọdé, ọmọdé gan-an ni ó ń jẹ́rìí gbè.

Òwe náà kò sì sọ ohun tí a ó pe àgbà tí iná jó àkísà rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 1977, àwọn sójà sun Kalakuta, ilé olórin Fela Anikulapo-Kuti ní ojú ọ̀nà Agége, ohun èlò orin àti téèpù sì bá a lọ. Ẹni 38 ọdún ni Fela nígbà náà. Bí iye àkísà bá jẹ́ iye ìrírí, a jẹ́ pé ọmọdé ni Fela jí sí ní ọjọ́ kejì, kò sì sí onílàákàyè tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ àti bàtà rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń lọ wò ní Kalakuta Museum, tí wọ́n ṣí ní Ìkẹjà ní 2012, ẹlòmíràn ni ó bá a pa wọ́n mọ́. Láàárín àwọn olórin, ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n ní kò ní àkísà yìí náà ni ó sábà máa ń ru ẹrù ọ̀gá wọ ọkọ̀ lóru.

Lára pósítà àtijọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ olórin tuntun máa ń wà, ní lẹ́tà kékeré, lábẹ́ orúkọ àwọn ọ̀gá tí ó ni òde. Olórin tí ó bá tún rí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, tí ó sì dìde lọ pa òwe àkísà fún ọ̀dọ́ tí orúkọ tiẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ lónìí, kò ka pósítà náà tán.