Orúkọ Ta Ló Yẹ Kí Àìsàn Jẹ́?

Imú ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi àìsàn yìí hàn. Á dí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á máa ṣẹ̀jẹ̀, oògùn ọ̀fìnkìn kò sì ní ràn án. Tó bá yá, ikọ́ á dé, ẹ̀jẹ̀ á máa bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ara á máa rù. Níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti wọ́pọ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ló ń wú nínú imú, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín: agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ ló ń bá ara jà, bí ìgbà tí ọdẹ tó yẹ kó máa ṣọ́lé bá dojú ìjà kọ onílé.

Títí di 2011, orúkọ Friedrich Wegener ni àwọn dókítà fi ń pe àìsàn yìí. Ọmọ Jámánì ni, òkú ló ń yẹ̀ wò láti mọ ohun tó pa á. Ní 1936 àti 1939 ló ṣàlàyé ohun tó rí lára aláìsàn mẹ́ta. Ní 1989, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àyà ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ lọ tú ìwé àtijọ́, ni àṣírí bá tú. Wegener ti wọ SA, ẹgbẹ́ jàǹdùkú Hitler, ní 1932, kí Hitler tó gbàjọba rárá, ó sì wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Násì ní 1933. Nígbà ogun, ìlú Łódź ní Pólàńdì ló ti ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n há àwọn Júù mọ́. A kò rí ẹ̀rí pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni.

Ṣé ìwà ẹni lè ba ìmọ̀ ẹni jẹ́?

Àwọn kan ní òótọ́ ni ohun tó rí, òótọ́ kì í sì í béèrè ẹnu ẹni tó ti jáde. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìjà wà. Fífi orúkọ èèyàn pe àìsàn kì í ṣe ìmọ̀, oríkì ni. Gbogbo ìgbà tí dókítà bá dárúkọ náà létí ibùsùn aláìsàn, ẹnìkan ló ń kì. Ẹni tí a ó máa kì, ó yẹ ká lè jẹ́rìí ìwà rẹ̀. Bó bá sì ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni, Heinz Klinger ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1931. Èyí tó tún wá korò jù ni pé Jacob Churg, Júù tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1936, wà lára àwọn tó sọ orúkọ Wegener di ńlá lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1954.

Ìtọ́jú ní tirẹ̀ kò dúró de ìdájọ́. Dókítà tó bá fura á ní kí wọ́n wo ìtọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n wá èròjà tí wọ́n ń pè ní ANCA nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì gé ẹran ara bíńtín lọ wò lábẹ́ máíkíróskóòpù. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, kíndìnrín lè ti lọ. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ aláìsàn wọ̀nyí kì í lò tó ọdún kan. Àwọn ọdún 1970 ni Anthony Fauci, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ nígbà Kòrónà, àti Sheldon Wolff fi hàn pé cyclophosphamide pẹ̀lú prednisone lè dá ẹ̀mí wọn sí. Oògùn líle ni cyclophosphamide: ó lè ba àpò ìtọ̀ jẹ́, ó lè má jẹ́ kéèyàn bímọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń lo rituximab báyìí.

Ní 2011, ẹgbẹ́ dókítà mẹ́ta ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi orúkọ mìíràn rọ́pò orúkọ Wegener: granulomatosis with polyangiitis, GPA ní ìkékúrú. Kò rọrùn lẹ́nu rárá. Nínú fáìlì aláìsàn púpọ̀, wọ́n ṣì ń kọ Wegener tẹ̀ lé e, kí dókítà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú ìgbà náà lè mọ ohun tí wọ́n ń wí.